Òde ni mo mọ̀ ọ́n yà, wọ́n ní kí n lọ ya ẹni tí kò pè mí: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Fótò_Ẹ̀gbá:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ mo nílò ìmọ̀ràn kíákíá. Abẹ́òkúta ni mo wà, iṣẹ́ fótò ni mò ń ṣe, òde ni mo sì ń yà jù, ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, òkú àgbà, ọjọ́ ìbí, gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ń náwó. Mo ní ẹ̀rọ ìtẹ̀fótò kékeré tí mo máa ń gbé dání, màá tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, wọ́n á sanwó kí wọ́n tó dìde lórí àga. Ìyẹn ò ni mí lára rárá. Àmọ́ mo ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ sílẹ̀ fún wọ́kìṣọ́ọ̀bù fótò dókúmẹ́ńtárì kan ní Èkó, irú fótò tó ń fi ìgbésí ayé àwọn èèyàn hàn bó ṣe rí gan-an, ni wọ́n bá fi mẹ́séèjì ránṣẹ́ pé kí kálukú mú kámẹ́rà kan àti lẹ́ǹsì kan ṣoṣo wá, mílímítà 35 tàbí 50, kò gbọdọ̀ sí fíláàṣì, kò gbọdọ̀ sí zoom tó ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra, pé ká sì mú ibì kan tá ò dé rí, láàárín àwọn tá ò bá da nǹkan kan pọ̀ rí, ká máa lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́ títí kọ́ọ̀sì á fi parí. Kí n má parọ́, àyà mi ń já. Lóde, èmi ni wọ́n pè, alága ìjókòó gan-an á máa pariwo "fọtógíráfà dà?" Níbi tí mò ń lọ yìí, ta ló pè mí? Kí ni mo fẹ́ sọ fún ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ ẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́? Tó bá pariwo lé mi lórí ńkọ́? Àti pé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ya ẹni tí ò rẹ́rìn-ín. Ẹ sọ̀rọ̀ o.

Bàbá_Yàrá_Òkùnkùn:
Kú iṣẹ́ ọmọ mi. Ohun tó o ní lọ́wọ́ pọ̀ ju bó o ṣe rò lọ. Ẹni tó bá lè wọ àárín ìdílé ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó, tó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ ta ni ìyá ìyàwó gan-an, ta ló ń bínú sí ta, ta ló fẹ́ sunkún, tó sì ti dúró síbẹ̀ kí omijé tó bọ́, onítọ̀hún ti mọ ìdajì iṣẹ́ dókúmẹ́ńtárì. Ìdajì tó kù ni pé lóde wọ́n ti gbà ẹ́ wọlé kó o tó dé, níbi tó ò ń lọ yìí ìwọ fúnra ẹ lo máa wá bó o ṣe máa wọlé, ẹnu sì ni wọ́n fi ń wọlé.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ jẹ́ kí kámẹ́rà wà nínú báàgì. Ra nǹkan. Jókòó. Tó bá jẹ́ ọjà, béèrè Ìyálọ́jà, tó ò bá rí i, wá ìyá tó jẹ́ olórí àwọn tó ń ta irú ọjà yẹn, torí aláta ní olórí tiwọn, eléélùbọ́ náà ní tiwọn. Tí ìyá yẹn bá ti mọ̀ ẹ́ báyìí, ẹni tó bá pariwo mọ́ ẹ, òun lá dá a lóhùn fún ẹ. Kó o sì kí wọn bí wọ́n ṣe ń kí wọn nídìí iṣẹ́ wọn. Ọmọ Ẹ̀gbá ni ẹ́, o mọ̀ pé tó o bá kan àwọn aláró ní Kẹ́mta, "àrẹdú o" lo máa sọ. Tó bá jẹ́ onídìrí, "ojúgbooro o". "Ẹ kú iṣẹ́" náà ò burú, ṣùgbọ́n ìyá tó bá gbọ́ "ojúgbooro" lẹ́nu ọmọ tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn á gbójú sókè wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí ò rẹ́rìn-ín, ṣó o ti rí fótò irun tí J.D. 'Okhai Ojeikere, fọtógíráfà ọmọ Nàìjíríà, yà? Ní 1968 ló bẹ̀rẹ̀ wọn, ó ń yà wọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ẹ̀yìn orí ni. Ẹ̀yìn orí! Gbé irú ẹ̀ fún kílíẹ́ǹtì òde kó o wò ó bóyá kò ní gba owó ẹ̀ padà. Ọwọ́ wà tí wọ́n lè yà, ẹ̀yìn wà, ẹrù orí tábìlì wà. Ojú tí ò rẹ́rìn-ín náà, ojú ni.

Lẹ́ǹsì35:
Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ sà. Àǹtí, ọ̀rọ̀ lẹ́ǹsì kan ṣoṣo yẹn, wọn ò fi fìyà jẹ yín o. Tó bá jẹ́ lẹ́ǹsì gígùn bíi 70-200 lẹ gbé, ẹ lè dúró sí òdìkejì títì kẹ́ ẹ máa ya ẹni tí ò mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀, fótò yẹn á mọ́ kedere àmọ́ á dà bí ẹni pé ẹ̀ ń yọjú wo inú ilé onílé láti ojú fèrèsé. 35 á fipá mú yín sún mọ́ ọn débi tó máa gbọ́ ìró kámẹ́rà yín, ẹ̀yin náà á gbọ́ ohun tó ń sọ, ìsọ̀ àti gbogbo ẹrù tó yí i ká á sì bọ́ sínú fótò. Ohun kan tí wọn kì í sọ: tí kámẹ́rà yín bá jẹ́ APS-C, ìyẹn èyí tí sẹ́ńsọ̀ inú ẹ̀ kéré, 35 yín ti di bíi 50 nìyẹn, 24 ló máa fún yín ní ohun tí àwọn tíṣà yẹn ń pè ní 35. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó lọ ná owó.

Kẹ́ ẹ sì ṣètò kámẹ́rà nílé. Ẹ má dúró síwájú èèyàn kẹ́ ẹ máa wá bọ́tìnnì, ìgbà yẹn gan-an lọwọ́ máa ń gbọ̀n. Ìyára kámẹ́rà 1/250, ojú lẹ́ǹsì f/5.6, ẹ jẹ́ kí ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí, máa yí fúnra ẹ̀, ó tán. Tó bá jẹ́ ọjà lẹ mú, ẹ ṣọ́ra fún àwọn agboòrùn ńlá yẹn lọ́sàn-án gangan, àwọ̀ wọn ló máa ń bọ́ sójú èèyàn, ìyá á jókòó sábẹ́ èyí tó jẹ́ àwọ̀ ewé, àwọ̀ ewé lẹ máa gbé relé. Tí agboòrùn oríṣi méjì bá wá pàdé lórí ẹnì kan kò sí white balance, ìyẹn ètò tó ń tún àwọ̀ ṣe nínú kámẹ́rà, tó fẹ́ tún un ṣe. Ẹ sún díẹ̀, àbí kẹ́ ẹ sọ ọ́ di dúdú àti funfun.

Ọmọ_Bódìjà:
Mo fara mọ́ Bàbá àmọ́ mi ò fara mọ́ wọn tán, ẹ má bínú sà. Tẹ́ ẹ bá gbàṣẹ kẹ́ ẹ tó yà, àwọn èèyàn wa á ṣètò ara wọn ni, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ìyá á tún gèlè wé, á jókòó ṣánṣán, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún, á ní kẹ́ ẹ rí i dájú pé ẹsẹ̀ òun hàn torí fótò tí ò lẹ́sẹ̀ ò pé. Níbo wá ni dókúmẹ́ńtárì wà nínú ìyẹn? Èmi máa ń kọ́kọ́ yà ná ni, tí wọ́n bá rí mi màá kí wọn, màá rẹ́rìn-ín, tí wọ́n bá ní kí n pa á rẹ́ màá pa á rẹ́ lójú wọn, ìjà ò sí. Ẹ wo fọtógíráfà Akinbode Akinbiyi, tí wọ́n bí ní Oxford ní 1946 tó ń gbé Berlin, ó ti ń ya Èkó ọjọ́ pẹ́, ó ti ya etíkun Bar Beach, ìrìn ló ń rìn, kò pe ẹnikẹ́ni jókòó.

Àǹtí_Onífótò:
Bódìjà, ẹni tó o dárúkọ yẹn, ṣó o mọ kámẹ́rà tó ń lò? Rolleiflex, èyí tí wọ́n ń gbé síbi àyà tí wọ́n á máa bojú wolẹ̀ wò inú ẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló sì ń rìn. Àgbàlagbà tó dúró láàárín títì tó tẹrí ba sínú àpótí, ta ni ò ní mọ̀ pé fótò ló ń yà? Ìyẹn yàtọ̀ sí ká yà á ká sá o, mo mọ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ gèlè àti orúnkún yẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣètò ara wọn dáadáa. Ya èyí yẹn fún wọn, yà á bíi pé wọ́n sanwó ẹ̀, torí èyí yẹn ni wọ́n fẹ́ gbé kọ́ ògiri, ó sì tọ́ sí wọn. Tó o bá ti yà á tán, má lọ. Oníbàárà á dé, ìyá á dìde, gèlè á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á máa ná ọjà, á gbàgbé pé o wà níbẹ̀. Iṣẹ́ tìẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Fótò_Ẹ̀gbá, ìwọ, ẹ̀rọ ìtẹ̀fótò tó o sọ yẹn, gbé e dání lọ Èkó! Mo rí i pé ńṣe lo dárúkọ ẹ̀ bí ẹni pé òde nìkan ló wà fún. Àwọn gbajúmọ̀ tí wọ́n ń kọ́ wa nípa wọn nínú kọ́ọ̀sì, ọ̀pọ̀ wọn ò ní irú ẹ̀ lọ́wọ́, ó sì hàn nínú ìtàn wọn. Ní 1936, ní Nipomo ní California, Dorothea Lange ya obìnrin kan àti àwọn ọmọ ẹ̀ nínú àgọ́ àwọn tó ń ṣíṣẹ́ ìkórè, ìjọba Amẹ́ríkà ló rán an níṣẹ́. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló yà, ó lọ, kò béèrè orúkọ. Fótò yẹn wá lókìkí káríayé, wọ́n ń pè é ní Migrant Mother. Ó di 1978 kí ìwé ìròyìn tó gbé orúkọ obìnrin yẹn jáde, Florence Owens Thompson, inú ẹ̀ ò sì dùn, ó ní ó wu òun kí wọ́n má ya òun rárá, òun ò rí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ìwọ lè tẹ̀ ẹ́ kó o fún ẹni tó o yà lójú ẹsẹ̀. Béèrè orúkọ, kọ ọ́ sínú ìwé kékeré, orúkọ, ọjọ́, àdúgbò, ohun tó ń ṣe, torí wọ́n máa béèrè caption, ọ̀rọ̀ àlàyé abẹ́ fótò, lọ́wọ́ ẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹni tó bá gba fótò lọ́wọ́ ẹ lánàá ló máa pè ẹ́ lónìí pé wá, wá ya ọmọ mi, ìwọ náà á sì wá rí ẹni tó pè ẹ́.

Bàbá_Yàrá_Òkùnkùn:
Àǹtí ti sọ ọ́. Bódìjà, mi ò bínú, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n fi kan kún un. Ní 1948, W. Eugene Smith lọ bá dókítà abúlé kan gbé ní Kremmling ní Colorado fún ìwé ìròyìn LIFE, ọjọ́ 23 ló lò lọ́dọ̀ ẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀pẹ̀pẹ̀, kámẹ́rà tí kò sí fíìmù nínú ẹ̀ ló ń tẹ̀, kí ojú dókítà lè mọ́ ọn kó sì yé múra. Ẹ̀yin ọmọ dígítà, kò ná yín ní kọ́bọ̀, ẹ ò sì fẹ́ ní sùúrù.

Kò_sí_fíláàṣì:
Mo fẹ́ sọ èyí torí mo ti rí àwọn tíṣà wọ́kìṣọ́ọ̀bù tó jẹ́ pé gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n sọ ò ju "sún mọ́ ọn, sún mọ́ ọn sí i" lọ, débi pé akẹ́kọ̀ọ́ á wá rò pé ẹ̀rù yòówù tó bá ba òun, ńṣe ni kóun là á kọjá. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ẹ̀rù kan wà tó jẹ́ ìtìjú tìẹ: ọ̀fun gbẹ, ọwọ́ ń gbọ̀n, o ti yí ìsọ̀ kan ká láìwọlé, kò sì sẹ́ni tó tíì ṣe ẹ́ ní nǹkan kan. Ìyẹn, wọlé, kí wọn, á lọ. Òmíì wà tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹni tó o fẹ́ yà ló ti wá. Ó yíjú. Ó fọwọ́ bo ojú. Ó ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, ó wá dákẹ́. Ọmọ ẹ̀ sá wọlé. Ó ń bá ẹ sọ̀rọ̀ nìyẹn, gbé kámẹ́rà sílẹ̀, wọ́kìṣọ́ọ̀bù tó bá sì fún ẹ ní máàkì kékeré torí ẹ̀, jẹ́ kó fún ẹ.

Òmíì tún wà tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgboyà rárá. Ṣọ́jà, ọlọ́pàá, chẹ́kípọ́ìǹtì, bárékè, ẹ má yọ kámẹ́rà níbẹ̀. Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe kọ́ọ̀sì yẹn, orúkọ yín àti nọ́ńbà tí wọ́n lè pè kó wà nínú ẹ̀. Ẹ mú ẹnì kan dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí àwọn ọmọ ìta bá ní "owó wa dà?", èèyàn méjì máa ń rí ọ̀rọ̀ sọ ju ẹnì kan lọ. Ọmọdé, ẹ bi bàbá tàbí ìyá ẹ̀. Láti 2023 la ti ní òfin ààbò dátà ní Nàìjíríà, ó sì sọ̀rọ̀ nípa gbígba àṣẹ òbí lórí ọ̀rọ̀ ọmọdé, àmọ́ tí ò bá tiẹ̀ sófin, ọmọ ọlọ́mọ ni. Tó bá jẹ́ ọdún ìbílẹ̀ lẹ fẹ́ mú, ẹ lọ bá olórí agbo ilé kẹ́ ẹ tó gbé ẹsẹ̀, ibi tí Orò bá sì ti jáde, obìnrin ò sí níbẹ̀, kọ́ọ̀sì kankan ò lè yí ìyẹn padà.

Ọmọ_Rye_Lane:
Láti London o. Èmi náà ń ṣe irú kọ́ọ̀sì yìí, títì ni wọ́n lé wa sí. Òfin ibí ò ní kéèyàn gbàṣẹ kó tó ya èèyàn ní gbangba, gbogbo àwọn tá a jọ wà níbẹ̀ ló ń fi ìyẹn ṣakin. Mo ní ẹ gbé òfin yẹn dé Rye Lane ní Peckham kẹ́ ẹ wò ó bóyá àwọn ìyá tó ń ta iṣu àti pọ̀nmọ́ máa gbà á. "Ta ló ní kó o yà mí?" Mo kúnlẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, mo kí wọn ní Yorùbá, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀: ọmọ ta ni ẹ́, ìlú wo ni bàbá ẹ ti wá, kí ló dé tó o rù báyìí, ṣó o ti ní ìyàwó? Àwọn ló wá ń fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò! Mo ti dáhùn gbogbo ẹ̀ kí n tó rántí pé mo ní kámẹ́rà lọ́wọ́. Fótò tó tẹ̀lé e dùn ún wò ṣá.

Lẹ́ǹsì35:
😂😂 "kí ló dé tó o rù báyìí" pa mí.
Àǹtí Fótò_Ẹ̀gbá, tí ọjà bá ti pọ̀ jù fún yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi kékeré tí èèyàn ò ti lè dìde kó máa lọ. Ìsọ̀ onígbàjámọ̀ dáa gan-an. Andrew Esiebo, ọmọ Èkó, káàkiri àwọn ìlú Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ló ya ìsọ̀ onígbàjámọ̀. Dígí wà, pósítà wà lára ògiri, ẹni tí wọ́n ń gẹ̀ ti jókòó, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ń lọ lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó ráyè yín. Ẹ ṣáà máa wo dígí yẹn kẹ́ ẹ má bàa wà nínú gbogbo fótò.

Fótò_Ẹ̀gbá:
Ẹ ṣé gan-an ni, mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀fótò yẹn ò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn, mò ń lọ ra pépà sí i. Nǹkan méjì ló kù. Wọ́n ní lálaalẹ́ a máa tẹ́ fótò wa síta kí gbogbo kíláàsì máa sọ ohun tó burú nínú ẹ̀, ká sòótọ́ ìyẹn ń já mi láyà ju ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ lọ. Ìkejì ni owó. Tí wọ́n bá ní kí n sanwó kí n tó yà wọ́n ńkọ́?

Bàbá_Yàrá_Òkùnkùn:
Tẹ̀ wọ́n ní ínṣì 4x6, tẹ́ wọn sórí tábìlì tàbí ẹní, má fi hàn wọ́n lórí fóònù. Kó o sì dákẹ́. Má sọ bí oòrùn ṣe pa ẹ́, má sọ bó o ṣe bẹ̀ wọ́n tó, fótò ò mọ ìyẹn. Ohun tó máa ń ṣe ẹ̀yin olóde ni pé ẹ ti mọ́ ọn lára láti yọ gbogbo èyí tí ẹnì kan ti dijú, èyí tí ẹnu ti là, èyí tí ọwọ́ ẹnì kan kọjá níwájú. Inú àwọn yẹn gan-an ni tíṣà á ti mú. Torí náà má pa ohunkóhun rẹ́ lórí kámẹ́rà, kódà èyí tó tì ẹ́ lójú, gbé gbogbo ẹ̀ lọ, jẹ́ kí ẹlòmíì bá ẹ ṣà á. Ní ti owó, àwọn ọmọdé tó wà níbí á dáhùn, mi ò fẹ́ jà lálẹ́ yìí.

Lẹ́ǹsì35:
Ẹ má san. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìròyìn ni kì í gba fótò tí wọ́n sanwó fún ẹni tó wà nínú ẹ̀, torí ẹni tẹ́ ẹ bá ti sanwó fún, ohun tó bá rò pé ẹ fẹ́ ló máa ṣe.

Ọmọ_Bódìjà:
Ẹ gbọ́ ná. Ẹ wo àwọn ará Mákòókò, àdúgbò orí omi yẹn ní Èkó, àwọn fọtógíráfà ti yà wọ́n sú wọn, ti òyìnbó, ti dúdú, tí wọ́n bá ní ẹ mú owó wá kí ló burú níbẹ̀? Fótò yẹn á gbé ẹni tó yà á dé òkè òkun, ẹni tó wà nínú ẹ̀ ṣì wà lórí omi.

Àǹtí_Onífótò:
Mákòókò, owó ọkọ̀ ojú omi màá san, owó ẹni tó mú mi káàkiri màá san, màá ra ẹja. Owó pé kó o ṣe ojú àánú fún mi, mi ò ní san.

Ọmọ_Bódìjà:
Àǹtí, owó ni gbogbo ẹ̀ ṣáà! Ìyá tó dúró bá yín sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, oníbàárà ẹ̀ ti lọ sí ìsọ̀ kejì. Ta ló máa san ìyẹn?

Àǹtí_Onífótò:
Mo ti ní màá ra ọjà ẹ̀. Ẹja tí mo rà yẹn, ta ni mo rà á lọ́wọ́ ẹ̀?

Ọmọ_Bódìjà:
Tí kì í bá ṣe ẹja ló ń tà ńkọ́? Tó bá jẹ́ irun ló ń dì, ṣé ẹ máa dìrí ni?

Àǹtí_Onífótò:
Màá dìrí! Irun mi ti gbó tẹ́lẹ̀.

Fótò_Ẹ̀gbá:
😂 ẹ má bá ara yín jà torí mi o. Mo ti mú ibi tí mo máa lọ. Ọgbà àwọn mẹ́káníìkì kan wà lẹ́bàá ilé tí màá dé sí, mi ò wọ irú ibẹ̀ rí láyé mi, tí mọ́tò bá bàjẹ́ ọkọ mi ló ń gbé e lọ. Gbogbo wọn ọkùnrin, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ, mi ò sì mọ orúkọ irinṣẹ́ kankan. Ṣé ibẹ̀ dáa?

Lẹ́ǹsì35:
Ó dáa gan-an. Ẹ wọ aṣọ dúdú, ọ́ìlì ò mọ àlejò. Ìmọ́lẹ̀ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣókùnkùn díẹ̀, ẹ gbé ISO sókè, ẹ má bẹ̀rù tí fótò bá ní àmì wíńníwínní.

Bàbá_Yàrá_Òkùnkùn:
Béèrè alága wọn kó o tó sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹnikẹ́ni, wọ́n máa ń ní alága. Fi lẹ́tà yẹn hàn án. Àwọn ọmọṣẹ́ kékeré ibẹ̀, ọ̀gá wọn ni kó o bi kó o tó yà wọ́n.

Kò_sí_fíláàṣì:
Alága dáa, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ ìyá tó ń se oúnjẹ fún wọn. Òun ló mọ orúkọ gbogbo wọn, torí gbogbo wọn ló jẹ ẹ́ lówó.